Ọwọ́ Aláago Nínú Tòmátì Ìyá Wa

Ọwọ́ ọkọ àbúrò mi kì í sinmi. Bí ó bá jókòó tì yín, ẹ tètè wo bàtà yín, torí kí ẹ tó mọ̀, ìka rẹ̀ á ti tú okùn rẹ̀, á sì ti máa wádìí bí wọ́n ṣe so ó. Aláago ni. Aláago náà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ẹni tó bá fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é, àlejò ni.

Ìgbà tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tóóró kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùdókọ̀, dígí dúdú kékeré tí wọ́n fi ń wo nǹkan wẹ́wẹ́ há a lójú kan, ẹ̀mú tín-ń-tín wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń tú aago palẹ̀. Ohun tó bá dúró, á ṣí i. Ohun tó bá ń rìn, á ṣí i kó lè mọ ohun tó ń mú un rìn. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun àti àbúrò mi, nígbà tí àwọn èèyàn ń jẹun lọ́wọ́, ọkọ ìyàwó ti gun orí àga, ó ti sọ aago ògiri gbọ̀ngàn náà kalẹ̀, ó sì ti da ìfun rẹ̀ sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkàrà òyìnbó. Àwọn kan ní irọ́ ni mo pa. Wọn ò sí níbẹ̀. Èmi náà ò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀, ìta ni mo wà, ṣùgbọ́n mo gbọ́ nígbà tí aago náà kígbe.

Nígbà tó yá, fóònù dé. Kò sẹ́ni tó tún wo ọrùn ọwọ́ mọ́ kó tó mọ ohun tí aago wí. Ṣọ́ọ̀bù Aláago pa rọ́rọ́. Ó bá tì í, ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ wálé, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wálé pẹ̀lú. Ọwọ́ yẹn gan-an ni wàhálà. Láàárín oṣù díẹ̀, kò sí nǹkan nínú ilé náà tí kò tíì tú. Fáànù ń fẹ́ ògiri dípò èèyàn. Bí ẹ bá ṣí fìríìjì, agogo ẹnu ọ̀nà ló ń dún. Ilẹ̀kùn ilé ìdáná ti ń ṣí sí ìta, bẹ́ẹ̀ inú ló ń ṣí sí látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ilé.

Aránṣọ ni àbúrò mi, obìnrin tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ láti àárọ̀ títí oòrùn á fi yí, tí kò ní gbé orí sókè. Ibì kan ṣoṣo tó máa ń dìde lọ ni ẹ̀yìnkùlé, níbi tí ilẹ̀ péńpé kan wà láàárín ògiri àti táǹkì omi. Ibẹ̀ ló ń gbin tòmátì ìyá wa sí.

Ẹ jẹ́ n sọ irú tòmátì tó jẹ́ fún yín. Kì í ṣe èyí tó rí roboto. Ó gùn gbọọrọ, ìdí rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, bí ẹyin tí ẹnì kan dì mú lọ́rùn tó sì fà. Ẹran ara rẹ̀ nípọn, omi rẹ̀ kò tó nǹkan, kóró inú rẹ̀ kò sì pọ̀, torí náà kì í pẹ́ lórí iná kó tó ki. Kì í gun igi. Ojú kan ṣoṣo ló máa ń dúró sí, tó ń tàn ká bí igbó kékeré, kò sì ga ju ìbàdí lọ. Ohun tí ìyá wa fi sílẹ̀ fún wa nìyẹn. Ohun kejì tó fi sílẹ̀ ni imú mi yìí, ẹnikẹ́ni ò sì bá mi du ìyẹn.

Lọ́dọọdún ni àbúrò mi máa ń yan èso tó dára jù, tí á yọ kóró rẹ̀, tí á sì tọ́jú rẹ̀ de ọdún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó kọjá, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́sẹ̀, kò lè bẹ̀rẹ̀, kò sì gbìn. Nígbà tó fi máa gbádùn, eku ti dé ibi tó kó kóró náà sí. Ìwọ̀nba tí eku ṣẹ́ kù ló gbìn lọ́dún yìí, díẹ̀ nínú rẹ̀ ló sì hù. A ti béèrè rẹ̀ káàkiri ọjà, èyí roboto ni gbogbo wọn ń kó síwájú wa. Bí èyí tó hù yìí bá kú láìso èso tó gbó, tòmátì ìyá wa parí nìyẹn.

Ìgbà yẹn gan-an ni àbíkẹ́yìn wọn, tó ń gbé lókèèrè, wá bímọ. Ó di dandan kí ìyá rẹ̀ lọ bá a tọ́jú ọmọ.

Ẹnu ọ̀nà ni gbogbo wa wà lọ́jọ́ tó ń lọ. Ẹrù ti wà nínú ọkọ̀, awakọ̀ ń tẹ fèrè.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́ mi dáadáa," àbúrò mi wí. "Omi láàárọ̀, kẹ́ ẹ padà wọlé. Ẹ má tú u wò."

"Ta ló ń tú tòmátì wò?"

"Ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo gbin kóró yẹn, ta ló ń fi ẹ̀mú hú u jáde láràárọ̀ pé òun fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti ń ṣiṣẹ́?"

Aláago kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò gbọ́ bí àbúrò yín ṣe ń bá mi sọ̀rọ̀ lójú awakọ̀?"

"Mo gbọ́," mo ní. "Mo tiẹ̀ ń dúró kó parí ni."

Àbúrò mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, tòmátì màámi nìyẹn o. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ."

"Tòmátì ni kí n ṣọ́ ni, àbí ọkọ ẹ?"

"Ọkọ mi. Tòmátì ò ní wàhálà kankan."

Bó ṣe lọ báyìí, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí. Ẹ̀yìn mi yìí, bó bá dé, kì í ṣeré. Ibùsùn ni mo wà, tí mo ń bá òrùlé sọ̀rọ̀ títí òrùlé fi ń dá mi lóhùn. Nígbà tí mo tó lè rìn dé ilé Aláago, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ sẹ́yìnkùlé, mo sì bá a lórí ìkúnlẹ̀ láàárín tòmátì. Dígí dúdú wà lójú rẹ̀. Ẹ̀mú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń mí díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń yọ ẹ̀gún lójú ọmọ ọwọ́.

"Aláago, kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Mò ń gbá a mọ́ ni, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má jẹ́ kí òjìji yín bò mí."

Mo wo ilẹ̀. Ẹ̀ka tútù wà káàkiri, bí irun nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Mo wo tòmátì. Igbó kékeré tí àbúrò mi fi sílẹ̀ ti di ọ̀pá tí wọ́n fi ewé díẹ̀ dé ní fìlà.

"Ta ló ní kó o ṣe báyìí?"

Kó tó dáhùn, orí Kápẹ́ńtà, aládùúgbò wọn, yọ lórí ògiri. Ọkùnrin yìí máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́. "Èmi ni, Bàbá! Èyí tó bá ti yọ lábíyá ewé, ẹ gé e. Ọ̀lẹ ni. Á kàn máa jẹun ni, kò ní ṣiṣẹ́. Ẹ wá wo tèmi!"

Lóòótọ́ ni tirẹ̀ dára. Ó ga ju ògiri lọ, wọ́n so ó mọ́ òpó igi bí ẹrú tó fẹ́ sá, èso roboto sì wà lára rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ dókè.

"Ṣùgbọ́n àbúrò mi kì í gé e," mo sọ fún Aláago.

"Ó ń rán aṣọ ni, kò ráyè," ó fèsì, ó sì tún já ọ̀kan. "Ẹ wo bó ṣe mọ́. Aago tí ìdọ̀tí bá wà nínú rẹ̀, ṣé ó lè rìn?"

Èmi ò mọ tòmátì ju kí n jẹ ẹ́ lọ.

Láti ọjọ́ yẹn lọ, ara Aláago ò balẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá ti gé e tán, kíá ni á máa so. Kò so. Á jáde, á wò ó, á bu omi sí i. Á wọlé, kò ní tíì jókòó tán, á tún jáde, á tún bu omi sí i. Ilẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀pọ̀lọ́ kan wá wò ó bóyá òun lè kó wá síbẹ̀ tìyàwó-tọmọ. Nígbà tó bá tún yá, inú á bí i, á kọ ẹ̀yìn sí tòmátì, á lọ sílé Kápẹ́ńtà lọ tú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, kò sì ní rántí omi títí ilẹ̀ á fi sán. Ìgbà tó bá rántí, á fi garawa dà á bí ẹni tó ń paná.

Àbúrò mi ń pè lórí fóònù. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kan.

"Báwo ni tòmátì màámi?"

"Wọ́n ń jó," Aláago wí. Ó ti dìde, ó ti ń rìn yí tábìlì ká.

"Ṣé wọ́n ti ní ẹ̀ka dáadáa?"

"Ẹ̀ka?" Ó wò mí. Mo wo òrùlé. "Há! Ẹ̀ka wà nílẹ̀."

Ọlọ́run ló mọ̀ pé kò purọ́. Ilẹ̀ náà ló wà.

Òdòdó díẹ̀ yọ ní orí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, ó sì tán síbẹ̀. Kò ga sí i. Kò tàn ká. Èso tó jáde lára wọn ò tó nǹkan, Aláago sì ń kí wọn bí ẹni tó ń kí olówó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wá kan ilẹ̀kùn mi bí ọlọ́pàá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bọ́ sóde! Ìdí wọn ti ń dúdú!"

Mo tẹ̀lé e. Òótọ́ ni. Èso náà ṣì tútù lókè, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti jẹrà, ó ti dúdú, ó sì tẹ́ bí gìgísẹ̀ bàtà àtijọ́. Aláago já ọ̀kan, ó fi dígí sójú, ó fi ẹ̀mú tú u wẹ́wẹ́, ó ń wá kòkòrò. Kò sí kòkòrò. Ó bu eérú sí ìdí wọn. Ó fi omi ọṣẹ wẹ ewé wọn. Ó gbé àpótí rìn kiri, ó ń fi bo oòrùn fún wọn. Ó béèrè lọ́wọ́ Kápẹ́ńtà, Kápẹ́ńtà ní irú èyí ò ṣe tòun rí, ó sì sọ orí rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Gbogbo èyí tí ìdí rẹ̀ dúdú ni Aláago ń já dànù sí ojú títì, àfi bíi pé ó ń tì wọ́n mọ́ta, àwọn ewúrẹ́ sì ń jẹ wọ́n kí n tó lè sọ pé dúró. Ẹyọ kan ló kù tó mọ́, lára èyí tó wà nítòsí ògiri. Kékeré ni. Ó ṣì tútù.

"Pè é," mo sọ fún un.

"Pe ta ni?"

"Ìyàwó ẹ ni."

"Kí n sọ kí ni?" Ó ń rìn láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ìdí ààrò, láti ìdí ààrò dé ẹnu ilẹ̀kùn. "Kí n ní mo pa màmá yín lẹ́ẹ̀kejì?"

"Bó o bá dúró kí ẹyọ tó kù yìí náà dúdú, ohun tó o máa sọ nìyẹn lóòótọ́."

Ó gbé fóònù. Ó gbé e kalẹ̀. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó yọ bátìrì rẹ̀, ó tún dá a padà sí i. Mo gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, mo tẹ nọ́ńbà, mo sì fi lé e létí.

Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ka, omi, ìdí tó dúdú, ewúrẹ́. Ó sọ ọ́ kíákíá bí ọmọ iléèwé tó ń ka ohun tó há sórí. Nígbà tó tán, a gbọ́ tí ọmọ tuntun ń ké lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ni ohùn àbúrò mi wá, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Ẹ ti gé ẹ̀ka rẹ̀?"

"Kápẹ́ńtà ló ní..."

"Ṣé Kápẹ́ńtà lẹ fẹ́ ni, àbí èmi? Ti Kápẹ́ńtà ń gun òkè, wọ́n máa ń gé ìyẹn. Èyí kì í gun òkè. Orí ẹ̀ka tẹ́ ẹ gé yẹn gan-an ló máa ń so sí. Omi ló sì jẹ́ kí ìdí rẹ̀ dúdú. Òní ẹ rì í, ọ̀la ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ wá koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Ìwọ̀n omi kan náà, láàárọ̀, kò gbọ́dọ̀ dín, kò gbọ́dọ̀ lé. Bàbá wọn, ẹ má sì já a. Bí ẹ bá já a ní tútù, kóró rẹ̀ ò ní hù. Ẹ fi sílẹ̀ kó pọ́n délẹ̀délẹ̀ lórí igi. Ẹ kàn fi sílẹ̀."

Kò pariwo mọ́ ọn. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà á. Ó ní ì bá sàn kó bú òun.

Ẹ fi sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ kékeré. Bí wọ́n bá ní kó gbé ilé náà rù, ì bá rọrùn fún un jù. Koríko, ó bò ó. Omi, ó ń fi ife kan náà wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n fífi sílẹ̀ ni kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ó gbé asẹ́ bò ó nítorí ẹyẹ. Ó ṣí asẹ́ wò ó bóyá ẹyẹ ti wà nínú asẹ́. Mo bá a níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ti fi ìka méjì mú èso náà.

"Ọwọ́ ẹ!" mo ké.

"Mò ń kí i ni, Ẹ̀gbọ́n."

Mo wá rí i pé bí mi ò bá wá iṣẹ́ fún ọwọ́ yẹn, a ti pàdánù. Mo délé, mo yọ aago ògiri pálọ̀ mi, aago tó dára, tí kò ṣe nǹkan kan, mo ṣí i, mo da iyanrìn díẹ̀ sí i nínú, mo sì gbé e lọ bá a. Ẹ bá rí ojú rẹ̀! Ó jókòó. Àní, ó jókòó délẹ̀. Nígbà tó tún un ṣe tán, mo gbé e lọ sílé, mo tún ba á jẹ́. Èkejì, mo fi oyin sí eyín rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan tí n kò rí nǹkan mìíràn, mo kàn jù ú mọ́ ògiri.

"Ẹ̀gbọ́n," Aláago wí, ó ń fi ẹ̀mú fa oyin jáde, "ta ló ń bá aago yín yìí jà?"

"Ọmọ-ọmọ mi ni."

"Ọmọ-ọmọ wo? Gbogbo wọn wà lókèèrè."

"Ọwọ́ wọn gùn."

Ó wò mí láti abẹ́ dígí rẹ̀. Ó tún tẹ̀ mọ́ aago náà. Lẹ́yìn èyí, mo lọ bá gbogbo àwọn ará àdúgbò, mo ní kí wọ́n wá gbogbo aago tó ti kú nínú àpótí wọn. Kápẹ́ńtà, torí ojú ń tì í, kó ti ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyàwó rẹ̀ wá. Tábìlì ilé ìdáná Aláago wá kún fún aago tí wọ́n ń dún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí kò sí méjì tí ẹnu wọn kò. Òun jókòó láàárín wọn, ó ń ṣiṣẹ́, ó ń dìde, ó ń wo ojú fèrèsé, ó ń jókòó. Lójú fèrèsé yẹn, èso náà funfun díẹ̀. Ó wá ní àwọ̀ bí ọsàn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n láti ìdí.

Ọjọ́ tí àbúrò mi dé, kò kí ẹnikẹ́ni dáadáa. Ó gbé báàgì rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, ó gba iwájú ọkọ rẹ̀ kọjá sí ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú bàtà ìrìn-àjò lẹ́sẹ̀. Aláago tẹ̀lé e, àmọ́ kò sún mọ́ ọn. Àbúrò mi wo àwọn ọ̀pá tó kù.

"Ẹ fá wọn lórí pátápátá," ó wí.

Aláago ń tú bọ́tìnnì ẹ̀wù ara rẹ̀, ó ń dè é.

Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó ṣí asẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé èso náà. Kò fà á. Ó bọ́ sí i lọ́wọ́ fúnra rẹ̀, pupa fòò, ó rọ̀. Ó gbé e wọ ilé ìdáná, ó là á sí méjì, ó fi àtàǹpàkò ti kóró àti omi yíyọ̀ tó wà nínú rẹ̀ sínú ife, ó bu omi díẹ̀ sí i, ó sì gbé e sí ojú fèrèsé.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ife yìí," ó wí, ó sì lọ bá ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Kò sọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nínú ife náà. Ó rẹ̀ ẹ́, kò rántí. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo wà ní ìdí tábìlì, mo fẹ́ mu omi, nígbà tí Aláago ń rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó dúró. Imú rẹ̀ yí. Omi inú ife ti hó, fùnǹfún funfun, irú èyí tó ń bo búrẹ́dì tó bu, ti bo ojú rẹ̀, ó sì ń rùn bí ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú òjò. Bí ẹ bá rántí irú èèyàn tó jẹ́, ẹ ó mọ ohun tí ìyẹn ṣe sí i lára. Ó gbé ife náà. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi. Ó ṣí omi. Mo fẹ́ kígbe, omi wà lẹ́nu mi, ó gbà mí lọ́fun, ikọ́ dì mí mú. Ife náà ti tẹ̀. Mo rí fùnǹfún yẹn tó ti dé etí ife.

Ọwọ́ rẹ̀ bá dúró. Ọmọ èèyàn, ọwọ́ Aláago dúró!

"Ìyá wọn!" ó ké. "Ẹ wá wo nǹkan yìí o! Ó ń hó, ó ń rùn. Ṣé bó ṣe yẹ kó ṣe nìyí?"

Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Àbúrò mi wọlé, abẹ́rẹ́ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ife. Ó wo omi ẹ̀rọ tó ń dà. Ó yọ abẹ́rẹ́ lẹ́nu, ó na ọwọ́, ó sì pa omi náà.

"Bó ṣe yẹ kó ṣe nìyẹn," ó wí. "Nǹkan yíyọ̀ tó bò ó lára ló ń jẹrà kúrò."

Ó gba ife náà, ó bu omi tó mọ́ sí i, ó rò ó. Fùnǹfún léfòó pẹ̀lú àwọn kóró tí kò ní nǹkan nínú, ó dà wọ́n nù. Àwọn tó dára sùn sí ìsàlẹ̀. Ó dà wọ́n sórí àwo, ó fi ìka tẹ́ wọn ká. Aláago ti fi dígí sójú, ó tẹ̀ mọ́ àwo náà títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan án, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lẹ́yìn, ọ̀kan di èkejì mú.

"Ṣé wọ́n tó?" ó béèrè.

"Wọ́n tó." Àbúrò mi ń wò ó, kì í ṣe kóró ló ń wò. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pè mí."

"Ìgbà wo la máa gbìn wọ́n?"

"Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀."

"Ìgbà wo ni òjò máa bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi ti padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Aláago bá jáde lọ wo ojú ọ̀run. Ó wọlé. Ó tún jáde.